Dókítà Tekla Lindroth Mayhew (1905–1984): Ààrẹ Ọmọ Tuntun Tí Wọ́n Jí Gbé

A bí màmá wa, Dókítà Tekla Lindroth Mayhew, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ọdún 1905, ní oko àgbàdo kan lẹ́yìn ìlú Bratley, ní ìpínlẹ̀ Iowa. Nils Lindroth ni baba wọn, Karin ni ìyá wọn. Sweden ni àwọn méjèèjì ti wá. Àkọ́bí nínú ọmọ méje ni màmá. Kí wọ́n tó mọ ìwé kà ni wọ́n ti mọ wàrà màlúù fún.

Ní ọdún 1923, wọ́n wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Haldane. Láyé ìgbà náà, ọmọ tuntun, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní, kì í gba ẹnu ọ̀nà iwájú, kì í tẹ koríko, fìlà aláwọ̀ ewé kì í sì í kúrò lórí rẹ̀ níta. Bí ẹni ọdún kejì bá ní kó kọrin láàárín títì, orin ni. Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ni àsè ọmọ tuntun nínú oṣù kẹta. Bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá lù tí ààrẹ wọn wà nídìí tábìlì, gbogbo wọn á ṣí fìlà dànù. Bí àwọn ọdún kejì bá rí ààrẹ náà jí gbé, ó di oṣù kẹfà kí wọ́n tó ṣí i.

Ọ̀gbẹ́ni Orville Dace, ọmọ kíláàsì wọn, ló dá ọgbọ́n kan.

"Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin ṣe ààrẹ. Ọkùnrin wo ló máa gbé ọmọ ọlọ́mọ sá lọ?"

Bí màmá ṣe di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ nìyẹn. Wọ́n gbàgbé pé obìnrin wà ní ọdún kejì náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ àsè, Mísì Winifred Tolliver, ọmọ agbẹjọ́rò kan ní Des Moines, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ti màmá sínú ọkọ̀, wọ́n wà á dé oko opó kan, Ìyáàfin Kessler, máìlì mẹ́rin sí ìlú. Inú abà ni wọ́n ti màmá mọ́.

"Jókòó síbẹ̀, ọmọ tuntun. Tí a bá jẹun tán, a ó rántí ẹ."

"Ẹ ṣé, Mísì Tolliver. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu ọ̀dùnkún wá."

Kò pẹ́ tí màlúù inú abà náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Màlúù kan ṣoṣo tó kù fún opó náà ni. Wàrà rẹ̀ ló fi ń jẹun. Ẹsẹ̀ ọmọ yọ, orí kò yọ. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì fò sínú ọkọ̀, wọ́n lọ wá oníṣègùn ẹran. Wọ́n fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Aago mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Ẹsẹ̀ lásán lè gbé màmá dé ibi àsè, Winifred nìkan kò sì lè dá wọn dúró. Màmá wo ọ̀nà. Wọ́n wo màlúù. Ni wọ́n bá ká apá aṣọ sókè, wọ́n ní kí opó náà gbé omi gbígbóná àti ọṣẹ wá.

Orí ọmọ ti yí sẹ́yìn. Màmá so okùn mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ki ọwọ́ bọ inú títí dé ìgúnpá, wọ́n ń wá ẹnu rẹ̀ kí wọ́n lè fa orí náà síwájú.

"Winifred, di okùn yìí mú!"

"Mi ò fọwọ́ kan màlúù rí láyé mi!"

"Òun náà ò mọ̀ ẹ́ rí. Tó bá ń rọbí, fà á. Tó bá sinmi, sinmi."

Láti ọjọ́ náà, màmá kò pè é ní Mísì mọ́, òun náà kò sì béèrè rẹ̀.

Aago méje ku díẹ̀ kí ọmọ màlúù tó bọ́ sílẹ̀, abo, láàyè. Nígbà tí oníṣègùn ẹran fi máa dé, kọfí nìkan ló kù fún un láti mu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Orville dúró de màmá.

"Nítorí màlúù, Tekla! Ṣé o ò mọ ọ̀nà ilé ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ìwọ ńkọ́, ká ní o wà níbẹ̀, kí lo máa ṣe?"

"Màá sá ni!"

"Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi dìbò fún ẹ."

Síbẹ̀ ó dun màmá. Wọn kò fi pamọ́ fún wa pé ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi dá jẹun, tí ẹnì kankan nínú kíláàsì wọn kò bá wọn jókòó. Nígbà tó yá, Winifred dìde láàárín gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀.

"Èmi ni mo jí i gbé. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kò sá. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, èmi nìyí."

Ó yọ fìlà aláwọ̀ ewé kan jáde, ó dé e. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà rẹ́rìn-ín.

"Winifred, ṣé wọ́n ti dá ẹ padà sí ọdún kìíní ni?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀. Mi ò kọ́ ẹ̀kọ́ ibẹ̀ dáadáa nígbà àkọ́kọ́."

Ó dé e títí di oṣù kẹfà, ó sì ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó sọ̀rọ̀ náà gan-an, tábìlì oúnjẹ màmá kún.

Màmá gboyè jáde ní ọdún 1927. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran kọ̀ wọ́n nítorí pé obìnrin ni wọ́n; ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n gbà wọ́n. Wọ́n di dókítà ẹran ní ọdún 1934, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún méjìdínlógójì. Ní ọdún 1935, wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Rupert Mayhew, tó ń fi ẹ̀rọ lọ oúnjẹ ẹran, tó sì ṣáájú wọn lọ. Ọmọ ìjọ Lùtẹ́rà ní Bratley ni wọ́n. Bí wọ́n bá sùn lákòókò ìwàásù, pásítọ̀ a máa rẹ ohùn sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 1984, wọ́n sùn nínú Olúwa. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, Karin, Anders àti Lois, ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, àti ọ̀rẹ́ wọn, Mísì Winifred Tolliver, tí yóò ka Bíbélì fún wa lónìí.

Màmá, iṣẹ́ yín tó. Ẹ tẹ́ ara yín sílẹ̀ ní àyà Olúwa. Ó dàárọ̀ o.