Wọ́n Ní Ọmọ Yín Féèlì

Bàbá mi àtàtà,

Inú ń bí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Fúnmi, àbíkẹ́yìn yín tó wà lókè òkun, ni jẹjẹrẹ ń so kókó sí lọ́rùn. Àwọn dókítà fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ṣa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà sọ́tọ̀, wọ́n kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa dá jẹjẹrẹ mọ̀, wọ́n sì sìn wọ́n nínú ike ní lábù títí wọ́n fi pọ̀ bí eéṣú. Wọ́n dá wọn padà sí i lára. Kò pẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti kú tán, kókó sì tún yọ. Dókítà àgbà, tí oyè rẹ̀ gùn ju orúkọ rẹ̀ lọ, wá kọ ọ́ sínú ìwé pé Fúnmi féèlì ìtọ́jú.

Féèlì! Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi máàkì ìwé, n kò rí irú èyí rí. Tíṣà ló kọ́ wọn, tíṣà ló bọ́ wọn, aláìsàn ló wá gba òdo.

Ọmọge kan tó ń ṣiṣẹ́ ní lábù náà ló là á yé Fúnmi. Ṣúgà àjẹyó ni wọ́n fi bọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n sì ń lé wọn kí wọ́n lè tètè pọ̀. Ìgbà tí wọ́n dé inú kókó, níbi tí jẹjẹrẹ ti jẹ gbogbo oúnjẹ tán, ó rẹ̀ wọ́n.

Bàbá, ṣé ẹ rántí họ́lidé tí mo bá yín tí ẹ ń ká imọ̀ ọ̀pẹ kúrò lórí àwọn ọmọ kòkó yín díẹ̀díẹ̀, tí ẹ sì ti dín omi wọn kù kí ìyà oko lè mọ́ wọn lára? Àánú wọn ṣe mí, mo ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ lálẹ́. Ẹ ní, "Ọ̀mọ̀wé, ṣé oko ni wọ́n ń lọ àbí ibi ìnáwó? Ta ni yóò máa gbé garawa tẹ̀lé wọn?" Àwọn tí mo kẹ́ yẹn ló kú sóko oníbàárà tó rà wọ́n. Ẹ fún un ní òmíràn, ẹ ò sọ pé ọmọ kòkó ló lọ́lẹ. Kí ló dé tí n kò kọ́ ìyẹn lára yín kí n tó máa pe ọmọ ọlọ́mọ ní olódo?

Lọ́jọ́bọ̀ ni wọn yóò tún fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo ní kó má na apá àfi tí wọ́n bá sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ sìn àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó bú sẹ́rìn-ín lórí fóònù: "Bùọ̀dá tíṣà, ẹ jókòó sí ulé kẹ́ ẹ máa bínú o. Apá tèmi ni. Mà á na án, mà á sì bi wọ́n."

Ibo ló ti rí ẹ̀rín yẹn, Bàbá? Ẹ̀jẹ̀ tó kù lára rẹ̀ kò tó èyí tí ẹnikẹ́ni yóò tún fi kọ́ṣẹ́.

Èmi ni,
àkọ́bí yín tí ẹ̀rù ń bà, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀.