Ebè Mẹ́ta Bàámi

Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Màgàríbì

Ẹnì kan ṣoṣo ló wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún àwọn àgbà Ìpàpó pé mo fẹ́ ṣe áàpù tí àgbẹ̀ á fi máa pe katakata sóko. Gbogbo wọn ní, "Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i, ọmọ wa." Èmi òmùgọ̀ sì ka àdúrà sí oníbàárà!

Kí n tó kówó fún ẹni tó máa ṣe áàpù, mo ní kí n dán an wò. Mo háyà oníkatakata kan fún iṣẹ́ ọjọ́ kan péré, mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá forúkọ sílẹ̀ lónìí lábẹ́ igi ẹmi. Ìyá Sàlámì nìkan ló yọjú. Ẹ̀yìn ò jẹ́ kí wọ́n lè roko mọ́. Fóònù ọwọ́ wọn ò tiẹ̀ lè gbé áàpù.

Bàámi ni mo rántí. Tí wọ́n bá rí irú iṣu tuntun, ebè mẹ́ta péré ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbìn ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré. Mo máa ń kùn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín: "Èèyàn lè wojú ẹ sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ kì í wojú ẹnikẹ́ni."

Àárò ẹ̀rín yẹn ń sọ mí.

Lọ́la, a ń lọ sóko Ìyá Sàlámì. Bàámi, ebè kan hù.