Ìlà Tí Wọ́n Fi Ọ̀bẹ Fà

Saint Louis,
Oṣù Kejìlá, ọdún 1820.

Énọ́kù, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé ara rẹ le? Ṣé òtútù Maine kò tíì sọ ọ́ di igi? Ara tèmi náà le, àfi ọwọ́ tí mo fi ń fọṣọ tó ń dùn mí.

Jọ̀wọ́, irú ènìyàn wo ni àwọn ará Maine? Ìwọ lo máa ń pè mí ní Ìyá Kí-ló-dé, nítorí náà fara dà á. Wọ́n ní àwọn aṣòfin kò jẹ́ kí Maine di ìpínlẹ̀ tí kò lẹ́rú, àfi bí Missouri tiwa bá wọlé tẹrútẹrú. Wọ́n so wá pọ̀ bí màlúù méjì tí kò mọ ara wọn rí. Ṣé wọ́n tiẹ̀ bi yín?

O mọ̀ pé lẹ́yìn tí mo bí Támárì ni wọ́n dá mi sílẹ̀, nítorí náà ẹrú Ọ̀gbẹ́ni Pruett lòun ṣì jẹ́. Ní oṣù Kẹta, tòun toyún, ó ń bu kọfí fún àwọn àlejò ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì, ó fi ọ̀bẹ fa ìlà, ó ní, “Àwọn aṣòfin ti pinnu: gbogbo ilẹ̀ tó wà lókè ibí yìí, kò gbọdọ̀ sí ẹrú níbẹ̀.” Támárì kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó dá ibi tí odò wa méjèèjì ti pàdé nítòsí ìlú wa mọ̀. Òkè ìlà ni! Ó sáré wá bá mi nídìí ọpọ́n ìfọṣọ: “Ìyá mi, ẹ dìde, ẹ bá mi jó! Ọmọ inú mi ti bọ́ lóko ẹrú!” Mo jó o, Énọ́kù, tọṣẹtọṣẹ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Nígbà tí mo kó aṣọ lọ fún ìyàwó Pruett, mi ò lè pa á mọ́ra, mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín títí. “Kétúrà, ta ló tàn ẹ́ jẹ? Gbogbo òkè ìlà ni, àfi Missouri. Àwa nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀.” Inú bí mi, ẹnu sì yà mí. Èèyàn á fa ìlà tán, á tún wá fo ibi tí ẹrú wà gan-an? Mi ò tíì rí ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Támárì ti bí ọkùnrin, ọmọ náà sì ń wo gbogbo nǹkan bí ẹni ń nájà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Pruett ní tí wọ́n bá ti já ọmọ náà lẹ́nu ọmú, òun máa fi í ta àbúrò òun lọ́rẹ ní Louisiana. Láti ọjọ́ náà, Támárì kò sunkún. Ohun kan ṣoṣo ló ń bi mí: “Ìyá mi, ṣé yìnyín orí odò ti ki?” Ó ti ki. Látọjọ́ Ajé ni kẹ̀kẹ́ ẹṣin ti ń gba orí rẹ̀ kọjá sí Illinois, ìpínlẹ̀ tí kò lẹ́rú ní òdìkejì odò.

Kí Olúwa ṣọ́ ọ lórí omi àti lórí ilẹ̀. Kí ẹsẹ̀ rẹ má ṣì, kí ojú wa ríra láyọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ,
Kétúrà.

Àfikún: Ẹni tí mo fọkàn tán ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Má fèsì sí Saint Louis. Yàrá ni kí o bá wa wá ní Maine. Èèyàn mẹ́ta ni wá.