Ọ̀fun Nunzio àti Orin Biagio Mímọ́

Sátidé, 12 oṣù Kìíní, 1974
A ti dé láti ìlú ńlá. Dókítà ní jẹjẹrẹ ni, inú gògóńgò ló wà. Wọ́n á gé e kúrò lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n — ọkọ mi á yè, ṣùgbọ́n ohùn á lọ. Nunzio, àkùkọ mi, ní rárá, ó di ẹ̀yìn ọdún Biagio Mímọ́, ọjọ́ kẹta oṣù Kejì. Òun ló ń dá orin ẹni mímọ́ náà látìgbà tí bàbá ẹ̀ ti kú. Dókítà ní àrùn ò ní dúró de ọdún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà mí.

Túsìdé, 15
A jà. Ó ní wọ́n fi òòyà irin tí wọ́n fi ń ya irun àgùntàn ha ẹran ara Biagio, bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́ yẹn, kí wọ́n tó bẹ́ ẹ lórí, kò sì sẹ́ Olúwa ẹ̀. Òun á wá torí abẹ pa á tì lọ́jọ́ ẹ̀? Ó ní ṣebí Biagio yìí náà ló gbàdúrà tí egungun ẹja fi jáde lọ́fun ọmọ opó.
Mo ní, "Egungun ẹja kọ́ ló wà lọ́fun tìẹ, olóríkunkun!"
Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹ̀ ń han bí ilẹ̀kùn tí ò rí epo.

Tọ́sìdé, 17
Kò lè gbé búrẹ́dì mì mọ́.

Sọ́ńdè, 20
Mo lọ bá Fáda Ermete lẹ́yìn Máàsì. Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n gba orin lọ́wọ́ Nunzio, kí wọ́n fún Rocco oníbúrẹ́dì, kí wọ́n má sì dárúkọ mi.
Wọ́n ní, "Assunta, ṣé o mọ ohun tó ò ń bèèrè?"
Mo ní, "Tẹ́ ẹ bá kọ̀, ẹ̀yin náà lẹ máa sin ín."
Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà.

Túsìdé, 22
Fáda ti sọ fún un. Ó wọlé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sídìí ààrò. Ó ní ó jọ pé Bàbá Onírùngbọ̀n — bá a ṣe ń pe ẹni mímọ́ náà nínú ilé nìyẹn — ti kọ òun. Nígbà tó yá: "Ó dáa, ká lọ bá dókítà ẹ." Mo wọ yàrá lọ sunkún ayọ̀. Ojú tì mí díẹ̀. Díẹ̀ ni.

Sátidé, 26
Àṣírí ti tú. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi, ó sọ fún onígbàjámọ̀, ìyẹn ò sì lẹ́nu tó ń pa dé. Bí Nunzio ṣe jókòó síwájú ẹ̀ láti gẹrun ni onígbàjámọ̀ ní, "Lọ fẹnu ko ìyàwó ẹ lẹ́sẹ̀ o! Òun ló bá ẹ bẹ Fáda." Nunzio fúnra ẹ̀ ló ròyìn ẹ̀ fún mi. Kò bú mi. Ó ní, "O ta ohùn mi nígbà tó ṣì jẹ́ tèmi."

Sọ́ńdè, 27
Kò bá mi sọ̀rọ̀.

Mọ́ńdè, 28
Nínú bọ́ọ̀sì, kò sọ̀rọ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sọ̀rọ̀. Mo ní Nunzio, bú mi, ṣépè fún mi, kí n ṣáà gbọ́. Wọ́n ń tì í lọ síbi iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì kan gbé ìrọ̀rí sábẹ́ orí ẹ̀. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Ohun tí ohùn ọkọ mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ fún.

Tọ́sìdé, 31
Wọ́n ní gbogbo jẹjẹrẹ náà ti jáde. Á yè. Mo dúpẹ́, ayọ̀ náà ò sì wọ̀ mí lára.

Sọ́ńdè, 3 oṣù Kejì
Ní abúlé, wọ́n á ti gbé ère jáde báyìí. Fáda ilé ìwòsàn gbé àbẹ́là méjì tí wọ́n fi aṣọ pupa so pọ̀ wá, wọ́n ń fi kan ọ̀fun àwọn aláìsàn láti súre fún wọn lórúkọ Biagio. Nígbà tí wọ́n rí báńdéèjì Nunzio, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé àbẹ́là náà sí. Nunzio gbé àgbọ̀n sókè fún wọn, ó dijú. Ẹnu ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo mọ̀ ọ́n — ẹsẹ àkọ́kọ́ orin ẹ̀ ni, níbi tí bíṣọ́ọ̀bù ti ń bùkún àwọn ẹranko nínú ihò àpáta. Kò sí ohùn. Nígbà tó kan ègbè, ó dúró, bó ṣe máa ń dúró dè wá. Èmi nìkan ni mo gbè é.
Ó la ojú, ó wò mí. Ó gbé ọwọ́ sókè, pé kí n dákẹ́. Mo dákẹ́. Ó tún dijú, ó gbe ègbè náà fúnra ẹ̀.