Ajá Kékeré Lábẹ́ Bíréèkì: Ẹ̀bẹ̀ fún Nojeem Awakọ̀

Ìsọ̀ Ìránṣọ Ayọ̀mikún,
Ọjà'ba,
Ìbàdàn,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025.

Alága Ìgbìmọ̀ Ìbáwí,
Ẹgbẹ́ Àwọn Awakọ̀ Takisí Ìrẹ̀pọ̀,
Ibùdókọ̀ Ọjà'ba,
Ìbàdàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ DÁ NOJEEM AWAKỌ̀ PADÀ SẸ́NU IṢẸ́, ÀTI ÀLÀYÉ LÓRÍ BÍ AJÁ MI ṢE JÁ BỌ́ NÍNÚ ỌKỌ̀ RẸ̀

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ kí n tó rojọ́. Èmi ni obìnrin tó gbé ajá kékeré wọ ọkọ̀ Nojeem lóṣù tó kọjá, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà fi kọ lu òkìtì yanrìn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó. Mo dúpẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fara pa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin náà pé ilẹ̀ ọjọ́ yẹn kò ṣú kí ẹ tó rán ènìyàn wá bẹ̀ wá wò. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ẹ ti ní kí Nojeem má ṣe gbé èrò mọ́ ní ibùdókọ̀ yín, pé ó fi ẹ̀mí ènìyàn wewu nítorí ajá. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Aṣọ ọmọdé ni mo ń rán. Bọ́tìnì ni orúkọ ajá mi, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ológbò lọ. Ẹniọlá ọmọ mi ló fi í sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Iléṣà, ó ní kí ó máa bá mi gbélé dípò òun. Mo bá a jiyàn nígbà náà. N kò jiyàn mọ́ báyìí. Egbò etí ló ń yọ Bọ́tìnì lẹ́nu, ohun tó sì ń gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ẹranko ní Mọ́kọ́lá nìyẹn.

Bí mo ṣe ń gbé e lọ nìyí: mo pọ̀n ọ́n. Ẹ má rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá. Ọ̀já tí mo fi pọn Ẹniọlá ni mo fi dì í mọ́ ẹ̀yìn, mo sì rò pé ohun tó gba ọmọ ènìyàn dúró yóò gba ajá dúró. N kò fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, orí rẹ̀ yọ síta gbangba. Nojeem rí i, ó sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, pé òun ti gbé ìyá ọlọ́mọ rẹpẹtẹ láti Ọjà'ba, òun kò tíì gbé èyí tí ọmọ rẹ̀ nírù. Ó wá ṣe fún mi bí àwọn awakọ̀ yín ṣe máa ń ṣe fún abiyamọ: ó ní kí èmi nìkan jókòó níwájú, kò sì fi èrò mìíràn há mi mọ́ ibẹ̀.

Láti ibi oore yẹn ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo obìnrin tó ti pọn ọmọ rí ló mọ̀ pé a kì í jókòó nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. A óò yí i síwájú, a óò sì dẹ ọ̀já díẹ̀; bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fún Bọ́tìnì. Ọmọ á fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá ìyá rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ajá kò ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a ti kọjá Gbọ̀ngàn Mápó tí a ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Bẹẹrẹ, ọlọ́kadà kan fọn fèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bọ́tìnì ta gìrì, ó yọ́ bọ́ nínú ọ̀já, ó sì kó sábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí òun ni gbogbo ẹjọ́ náà dá lé. Nojeem tẹ bíréèkì. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bíréèkì kò lọ sílẹ̀, nítorí pé ajá ti há sábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó káàánú ajá ju èrò lọ, ọkọ̀ ni kò gbà láti dúró. Ó fa bíréèkì ọwọ́, ó sì yí orí ọkọ̀ sí òkìtì yanrìn tí àwọn tó ń kọ́lé kó sẹ́bàá títì, kí ọkọ̀ má baà dé ibi tí àwọn ènìyàn ti ń sọdá nísàlẹ̀. Àlàájà Karimat, tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní Ọjà'ba, wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ó ní òun yóò wá jẹ́rìí níwájú yín nígbàkígbà tí ẹ bá pe òun. Àlàájà kò fẹ́ràn ajá rárá, nítorí náà ẹ lè gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́.

Ọkọ̀ dúró. Nojeem ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ Bọ́tìnì jáde, ajá sì lá a lọ́wọ́ títí dé ọrùn ọwọ́. Mùsùlùmí ni, mo sì mọ ohun tí itọ́ ajá jẹ́ fún ẹni tó fẹ́ kírun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n má ṣèyọnu, pé omi kò wọ́n, yanrìn náà sì rèé níwájú wa, òun yóò ti fi méjèèjì fọ ọwọ́ òun kí àkókò Aláásárì tó tó. Mo dárúkọ rẹ̀ níbi ìdúpẹ́ ní ìjọ Aládùúrà wa lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, gbogbo ìjọ sì ṣe àmín.

Àṣìṣe náà, tèmi ni, mo sì ti tún un ṣe. Dókítà Adéníyì ní ilé ìwòsàn náà ló là mí lóye pé ìjókòó ẹ̀yìn ni àyè ajá nínú ọkọ̀, pé àyà ni a ń so okùn mọ́, kì í ṣe ọrùn, kí okùn sì kúrú débi tí kò ní lè fò dé iwájú. Mo gé ọ̀já Ẹniọlá, mo fi rán ìgbàyà tó nípọn fún Bọ́tìnì, mo sì rán okùn kúkúrú tó ń kọ́ mọ́ bẹ́líìtì ìjókòó mọ́ ọn. Ó dùn mí láti fi sísọ́ọ̀sì kan ọ̀já yẹn, ṣùgbọ́n ó ti rí iṣẹ́ tuntun ṣe.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ dá Nojeem padà. Bí ẹ bá rò pé ó yẹ, ẹ pàṣẹ pé ajá kankan kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ yín àfi èyí tí a so mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. Mo ṣe tán láti mú ìgbàyà náà wá kí ẹ fojú ara yín wò ó. Bó bá sì di dandan kí ẹnì kan má wọ ibùdókọ̀ yín mọ́, kí ó jẹ́ èmi àti Bọ́tìnì. A óò máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí Mọ́kọ́lá, bó tilẹ̀ jìnnà.

Lánàá, Nojeem kọjá níwájú ìsọ̀ mi, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Ohun kan ṣoṣo tó bi mí ni bí etí Bọ́tìnì ṣe rí. Mo sọ fún un pé ó ti ń jinná, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ojú tì mí débi pé n kò lè rán nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ara ajá ti yá, Ọ̀gá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ náà padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dópin.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọpẹ́,

Lucy Ayọ̀mikún Dáramọ́lá (Ìyáàfin),
Aránṣọ ọmọdé, Ọjà'ba.