Ọkọ̀ Eléérú Tí Kọ̀ǹpútà Kò Rí

Dúdú mi, àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, bí mo ṣe dúró níwájú fèrèsé kẹta ní ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀, ni ojú mi là, tí mo rí i pé ọkọ̀ lè wà ní ẹ̀yìnkùlé èèyàn, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú àpò èèyàn, kí epo tí èèyàn fi owó ara rẹ̀ rà wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ kó má jẹ́ ti èèyàn náà. Ìwé ló ni ọkọ̀. Ẹni tí ìwé bá mọ̀ ni ọkọ̀ mọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mo rò pé ẹni tó ń fọ nǹkan ló ni nǹkan.

Ó yá, báwo ni o? Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé o ń sùn, ṣé o ń jẹun kó tó tutù? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀gá rẹ tí kì í rẹ́rìn-ín ńkọ́, ṣé ó ti rẹ́rìn-ín? Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ojú rere máa pàdé rẹ ní gbogbo ilẹ̀kùn tí o bá kàn. Àwa náà wà, a ò ráhùn. Mi ò béèrè owó lọ́wọ́ rẹ lọ́tẹ̀ yìí, nítorí náà fọkàn balẹ̀ kí o ka lẹ́tà yìí láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, mo mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni o máa ń kọ́kọ́ wò.

O mọ̀ pé ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni bàbá rẹ ń lọ sí ọsibítù, kí nọ́ọ̀sì lè máa kọ́ ẹsẹ̀ òsì wọn ní ìrìn. Tíṣà tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ ti kó lọ sí ibòmíràn, ibùdókọ̀ sì jìnnà sílé. Ọjọ́ tí a gbìyànjú àtirìn débẹ̀, ìdajì ọ̀nà ni bàbá rẹ ti jókòó lé òkúta, wọ́n ní àwọn kàn ń wo àdúgbò ni. Èmi náà wò ó, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ògiri lọ. Nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ pé tí wọ́n bá fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ láìwá, ẹsẹ̀ náà máa gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n ti fi ìyà kọ́ ọ.

Ìdí nìyẹn tí a fi ra ọkọ̀. Ọ̀rẹ́ mi Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹgbẹ́ mi tí mo máa ń ránṣọ fún, tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ kejì ní òdìkejì odò, òun ló tà á fún wa. Ọkọ rẹ̀ tó di olóògbé ló ń fi kó búrẹ́dì kiri. Aláwọ̀ eérú ni, ilẹ̀kùn kan kì í ṣí àfi tí o bá kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́, òórùn búrẹ́dì sì wà nínú rẹ̀ títí dòní, tó fi jẹ́ pé ebi ti máa ń pa bàbá rẹ ká tó dé títì. Àbúrò mi, mẹkáníìkì, yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn, ó ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le ju tèmi lọ. Mo ní ó ṣeun.

Ohun kan ṣoṣo ló kù, Ìyá Oníbúrẹ́dì ò rí ìwé ọkọ̀ náà. Ó ní ọkọ òun tọ́jú ẹ̀ débi pé olóògbé fúnra wọn ò rí i mọ́. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì, ó tú àpótí, ó yọ gbogbo dúrọ́ọ̀, kò rí i. Mo ní kò burú, ṣebí a mọ ara wa. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ rìsíìtì pé èmi Ìyá Oníbúrẹ́dì ta ọkọ̀ yìí fún Ìyá Aránṣọ, inú àwa méjèèjì dùn, kò sí ìjà. A fọwọ́ sí i. Lójú tèmi, adájọ́ tó bá ka ìwé yẹn máa sunkún.

Ọmọbìnrin onídígí ojú tó wà ní fèrèsé kẹta ò sunkún. Ó tọ́jú mi o, “mà” ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó bi mí pé ta ni Ìyá Oníbúrẹ́dì, mo ní ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ni. Ó ní ta wá ni Ìyá Aránṣọ, mo ní èmi rèé. Ó wá tẹ nǹkan títí, ó ní kọ̀ǹpútà kò rí ọkọ̀ náà. Ẹ̀bi wa ni, ẹ̀yìn ọgbà la gbé e sí. Mo sáré jáde, mo ní kí àbúrò mi wà á wá síwájú fèrèsé gan-an, kó sì tan gbogbo iná rẹ̀. Ọmọ náà fọwọ́ bojú fún ìgbà díẹ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ iná yẹn ló wọ̀ ọ́ lójú.

Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ibì kan níbẹ̀ béèrè pé báwo ni ọkọ̀ náà ti rìn tó, mo sì kọ èyí tí mo mọ̀, láti ilé búrẹ́dì dé ọjà, láti ọjà dé ilé ìwé, àti ẹ̀ẹ̀kan péré dé etí òkun nígbà tí ọkọ Ìyá Oníbúrẹ́dì ń dá a nínú dùn. Àyè ò gbà á, ẹ̀yìn ìwé ni mo parí rẹ̀ sí. Ibòmíràn ní kí n má kọ nǹkan kan síbẹ̀, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti gbọ́, mi ò ní kọ nǹkan kan. Ọkùnrin kan tún jáde wá wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀. Mo rò pé ọkọ̀ náà ló wù ú, mo ní kó wọlé kó jókòó, kó gbóòórùn inú ẹ̀.

Onídígí wá fi sùúrù là á yé mi. Nítorí pé ìpínlẹ̀ míràn ni ọkọ̀ náà ti wá, àwọn tọ̀hún ló máa tún ìwé tó sọnù ṣe. Orúkọ ọkọ Ìyá Oníbúrẹ́dì ló wà lórí rẹ̀, nítorí náà ìyàwó gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí ikú lọ bá wọn, kó fi ẹnu ara rẹ̀ búra pé ọkọ̀ lágbájá ọmọ làkáṣègbè ni, kó sì fọwọ́ sí i pé òun ti tà á. Ìgbà yẹn ni òun tó lè fún wa ní nọ́ńbà tuntun. Ó lẹ ìwé ìyọ̀ǹda kékeré kan mọ́ gíláàsì fún wa, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ló máa parí. Tó bá ti kọjá ọjọ́ náà, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ jáde mọ́.

Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ Ìyá Oníbúrẹ́dì tí a rò fún un, ó ní gbogbo ìyẹn ò le, àfi ìbúra. Ó ní ọdún mọ́kànlélógójì tí òun fi wà nílé ọkọ, òun ò pè wọ́n lórúkọ rí, Olówó Orí Mi ni òun ń pè wọ́n, ta ni òun fẹ́ jẹ́ tí òun á wá máa kígbe orúkọ wọn ní fèrèsé lójú gbogbo ayé. Àbúrò mi ní ṣebí orúkọ náà wà lórí ìwé ikú. Ó ní kí ìwé ikú lọ pè é nígbà náà. Mi ò lè bá a wí, nítorí nígbà tí onídígí bi èmi náà ní orúkọ bàbá rẹ, òrùlé ni mo wò.

Níkẹyìn Ìyá Oníbúrẹ́dì dìde, ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó sí àyè ọkọ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Àwa dúró síta, à ń rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì, a ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó jáde, ó ti nu ojú rẹ̀. Ó ní òun ti tọrọ gááfárà lọ́wọ́ wọn, ká máa lọ kíá kí ẹnu òun má tún pa dé. Dúdú mi, ó dé fèrèsé wọn lọ́hùn-ún, ó pe orúkọ náà, gbogbo ọ́fíìsì yíjú. Lẹ́yìn náà ó tún un pè. Akọ̀wé ní ẹ̀ẹ̀kan ti tó, mà. Ó ní òun mọ̀.

Ìwé tuntun náà ti wà lọ́wọ́ mi báyìí, inú àpótí abẹ́rẹ́ mi ni mo tọ́jú rẹ̀ sí. Ìlà kan ló ṣófo níbẹ̀, ìlà orúkọ ẹni tuntun tó ni ọkọ̀. Mo ní kí bàbá rẹ jẹ́ ká kọ orúkọ wọn, wọ́n ní rárá, àwọn ò fẹ́ kí n dá jókòó sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan kí n máa tọrọ gááfárà. Mo ní ká kọ tèmi, wọ́n ní tí ọ̀rọ̀ bá yí padà, tó jẹ́ èmi ló kọ́kọ́ lọ ńkọ́, àwọn náà ò pè mí lórúkọ rí láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, Ìyá Dúdú ni. Wọ́n ní kí n kọ tìrẹ, kí ìwọ má bàa gbé bẹ́ẹ̀dì wa nílẹ̀ wá ìwé lọ́jọ́ iwájú. Onídígí sì ní tó bá jẹ́ tìrẹ, àfi kí o wá fúnra rẹ, kí o fọwọ́ sí i níwájú òun, kí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n tó kọjá. Bàbá rẹ ní kí n má kọ ọ́ bí ẹni pé àwọn fẹ́ rí ọ, ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni. Àmọ́ láti àná, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fá irùngbọ̀n.

Mo mọ̀ pé ọ̀nà jìn, ìsinmi ò sì rọrùn láti gbà níbi iṣẹ́. Tí kò bá ṣeé ṣe, mi ò ní bínú, ṣùgbọ́n tètè jẹ́ kí n mọ̀, kí Ọjọ́bọ̀ kan má bàa bá wa nílé. Kí Olúwa máa ṣọ́ ìjáde rẹ àti ìwọlé rẹ, kí o má ṣe wá nǹkan rere tì, kí orúkọ rẹ dùn ún pè lẹ́nu gbogbo ayé. Èmi ìyá rẹ ni mo kọ̀wé yìí. Gbà mí nímọ̀ràn, ọmọ mi: orúkọ ta ni kí n kọ sí ìlà náà?