Má Gbé Nǹkankan sí Àyè Ife-Ẹ̀yẹ

Wilf, ọkọ mi,

Kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ilé ọtí: ife-ẹ̀yẹ ti kúrò nílé wa. Ọwọ́ mi ló ti bọ́, ojú ò sì tì mí rárá.

Lánàá tí o wà níbi iṣẹ́, nígbà tí ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn ilé ọtí parí, a pààrọ̀ ìwé ìdáhùn bí a ṣe máa ń ṣe, Cyril tó wà ní ẹgbẹ́ kejì ló sì máàkì tiwa. Wọ́n ti bèèrè olú ìlú Australia, mo kọ Sydney. Cyril ò mú awò ojú rẹ̀ dání, ó ní mo gbà á! Wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún wa kí n tó rí i. Mo bá dìde, mo ní, "Ẹ yọ ọ́ kúrò o, Canberra ni!"

Àbúrò rẹ fa aṣọ mi: "Ìyàwó wa, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kí ló ń ṣe yín?"

Orí ìpele ìbéèrè yẹn la sì gbé káàdì ìlọ́po méjì wa lé, èyí tó ń sọ máàkì kọ̀ọ̀kan di méjì, nítorí náà máàkì méjì ló lọ. Ẹgbẹ́ Cyril fi máàkì kan jù wá lọ.

Láàárọ̀ yìí ló kan ilẹ̀kùn, ó gbé ife náà dání. "Ìyàwó Wilf, ẹ jẹ́ ó máa wà lọ́dọ̀ yín." Mo ní kó gbé e padà sílé, kó sì lọ wá awò rẹ̀.

Mítì páì wà nínú ààrò. Má lọ bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Mo ti nu pẹpẹ tí ife náà ń wà, má gbé nǹkankan síbẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo àlejò tó bá wọlé máa bi mí pé ibo ló lọ.

Glenys